Ìwé Awo Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ

Nínú gbogbo ìwé tí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn abanilẹ́rù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti dárúkọ, kò sí èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn tó ti Necronomicon, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí ó jókòó kọ ọ́ nígbà ayé ẹni tí ó dá orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. H. P. Lovecraft, ọmọ bíbí ìlú Providence ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, tí a bí ní 1890 tí ó sì kú ní 1937, ni ó mú orúkọ náà wá sáyé. Bí a bá sì ṣa gbogbo gbólóhùn tí ó ní òun fà yọ láti inú ìwé náà jọ láti inú gbogbo ìtàn rẹ̀, ojú ìwé díẹ̀ péré ni wọn yóò kún. Síbẹ̀ ìwé náà ti wọ inú ìtàn àwọn ẹlòmíràn, ó ti wọ inú fíìmù àti eré orí tábìlì, àwọn kan sì ti dé ilé ìkàwé ńláńlá láti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú ìwé níbẹ̀. Ohun tí àròkọ yìí yóò yẹ̀ wò ni bí ìwé tí kò sí ṣe lè ní agbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó ní ìlànà, àwọn tí ń kọ ìtàn lédè Yorùbá lónìí sì lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á mọ ohun tí ayé ìtàn àjọní jẹ́. Òun ni ètò tí òǹkọ̀wé méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ń lo ìlú kan náà, àwọn ẹ̀dá kan náà àti ìtàn àtẹ̀yìnwá kan náà, tí oníkálukú sì ń kọ ìtàn tirẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ń pàṣẹ fún ẹnì kejì. Inú ìwé àtìgbàdégbà Weird Tales, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní 1923, ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀ láàrin Lovecraft àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: Clark Ashton Smith ní California, Robert E. Howard ní Texas, Frank Belknap Long ní New York, August Derleth ní Wisconsin, àti Robert Bloch, tí kò tíì kúrò lọ́mọ ilé ìwé nígbà tí ó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí Lovecraft. Nínú àwọn márààrún yìí, Long nìkan ni Lovecraft fojú kàn rí; lẹ́tà ni ó so ìyókù mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ ìdí kan tí ohun tí wọ́n jọ ní fi jẹ́ ohun orí bébà, ìyẹn ìwé, orúkọ àwọn tí ó túmọ̀ ìwé, ọdún tí a tẹ ìwé jáde, àti ibi tí a tì í mọ́.

Orúkọ ẹni tí ó kọ ìwé náà ni ó kọ́kọ́ jáde kí ìwé fúnra rẹ̀ tó ní orúkọ. Nínú "The Nameless City", tí Lovecraft kọ ní 1921, a gbọ́ nípa akéwì Lárúbáwá kan tí orí rẹ̀ dàrú, Abdul Alhazred, tí ó lá àlá ìlú àìlórúkọ kan tí ó sì kéwì nípa rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó kọ "The Hound", tí Weird Tales tẹ̀ jáde ní oṣù Kejì 1924, ìtàn ọ̀rẹ́ méjì kan tí ń hú sàréè kiri, tí wọ́n rí ohun ọ̀ṣọ́ kan lọ́rùn òkú kan ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, tí wọ́n sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí Necronomicon sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìwé náà ṣe nìyẹn. Kò pa ẹnikẹ́ni, kò pe ẹbọra kankan jáde, ẹ̀rí ni ó kàn jẹ́. Ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìtàn mọ iyì irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun àràmàǹdà tí ó bá dá dúró lásán, òǹkàwé yóò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan bá ti mẹ́nu bà á ṣáájú, àríyànjiyàn náà á rọlẹ̀, nítorí pé ẹnu ti di méjì.

Ní 1927, nígbà tí orúkọ ìwé náà ti wà nínú ìtàn bíi mélòó kan, Lovecraft kọ ìtàn ìgbésí ayé ìwé náà sílẹ̀ ní ṣókí, kí àwọn ìtọ́kasí má baà máa tako ara wọn. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀, ní 1938, ni a tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde ní ìwé pẹlẹbẹ. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ yìí ti wí, Alhazred jẹ́ akéwì ará Sanaa ní Yemen ní nǹkan bí ọdún 700. Ó lọ wo ahoro Bábílónì àti ti Memphis ní Íjíbítì, ó dá nìkan gbé inú aṣálẹ̀ gúúsù Arébíà fún ọdún 10, ó sì kọ ìwé náà, tí ó pè ní Al Azif, ní Damásíkù nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ. Ní 738 ni ó di àwátì. Wọ́n ní ohun tí ojú kò rí ni ó gbé e jẹ lọ́sàn-án gangan níṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 950, Theodorus Philetas ní Constantinople túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gíríìkì, ó sì sọ ọ́ ní Necronomicon. Ní 1050, Michael, tí í ṣe olórí ìjọ ní ìlú náà, dáná sun ún. Ní 1228, Olaus Wormius túmọ̀ rẹ̀ láti Gíríìkì sí Látìnì. Ní 1232, Póòpù Gregory Kẹsàn-án fi òfin de ti Gíríìkì àti ti Látìnì. Ti Lárúbáwá ti pòórá ní tirẹ̀. Ìwọ̀nba ẹ̀dà tí ó ṣẹ́kù wà ní àtìpa ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Bibliothèque Nationale ní Párísì, ní Widener Library ti Yunifásítì Harvard, ní Yunifásítì Buenos Aires, àti ní Yunifásítì Miskatonic ní ìlú Arkham.

Àkójọ ilé ìkàwé yìí tó ohun tí a ń fara balẹ̀ wò. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ibi tí ènìyàn lè wọ ọkọ̀ lọ. Widener Library tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní 1915 ni, ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé Weird Tales sì lè ti gba iwájú rẹ̀ kọjá. Miskatonic àti Arkham nìkan ni Lovecraft fi orí ara rẹ̀ dá, ó sì fi wọ́n sáàárín àwọn ẹgbẹ́ tí kò ṣeé bá jiyàn. Ohun kan náà ni ó ṣe pẹ̀lú àwọn ènìyàn: Michael Cerularius ni ó wà lórí oyè ní Constantinople ní 1050 lóòótọ́, Gregory Kẹsàn-án sì jẹ́ Póòpù láti 1227 títí di 1241. Òǹkàwé tí ó bá fura, tí ó sì ṣí ìwé ìtàn ayé láti yẹ ọ̀rọ̀ wò, yóò bá òótọ́ pàdé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ìfura rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tí ó hàn gbangba: Wormius tòótọ́ jẹ́ oníṣègùn ará Denmark tí a bí ní 1588, kò sì lè túmọ̀ ohunkóhun ní 1228. Àṣìṣe náà kò ba iṣẹ́ jẹ́ rárá. Ẹni tí ó wá Wormius tí ó sì rí i ti gbà pé Wormius wà, iyèméjì rẹ̀ kò sì ní ju ti ọdún lọ.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ náà ni pé ìtàn àdánù ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n sun ún, wọ́n fi òfin dè é, ti èdè àkọ́kọ́ sọnù, ẹ̀dà kan jóná ní Salem ní 1692, òmíràn bá ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Pickman lọ nígbà tí ó pòórá ní 1926, Pickman yìí kan náà sì ní ìtàn tirẹ̀ tí Lovecraft ti kọ. Kò sí ìlà kan nínú gbogbo rẹ̀ tí ó sọ ohun tí ìwé náà wí ní pàtó. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni ìyà tí ó jẹ ìwé náà àti ìyà tí ó jẹ àwọn tí ó fọwọ́ kàn án, òǹkàwé ni yóò sì fi ọkàn ara rẹ̀ wọn bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò ti burú tó kí ìlú àti ìjọ tó lè gbógun tì í báyìí.

Ibi tí ìlànà yìí ti hàn kedere jù ni "The Dunwich Horror", tí a kọ ní 1928 tí ó sì jáde ní oṣù Kẹrin 1929. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Wilbur Whateley, tí ìrísí rẹ̀ kò jọ ti ọmọ ènìyàn dáadáa, jogún ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò pé lọ́wọ́ baba ńlá rẹ̀, ẹ̀dà tí a ní John Dee túmọ̀. Ó nílò ọfọ̀ gígùn kan tí yóò fi ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀dá kan láti òde ayé yìí, ọfọ̀ náà sì yẹ kí ó wà ní ojú ìwé 751 tí ó ti ya dànù nínú ẹ̀dà rẹ̀. Ó gbọ̀nà Arkham, ó jókòó ní ilé ìkàwé Miskatonic, ó gbé ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Látìnì, ó sì ń fi èyí wé èyí. Henry Armitage, àgbàlagbà tí ó ń ṣe àkóso ilé ìkàwé náà, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọrùn wo ojú ìwé tí ó wà ní ṣíṣí, ó sì ka ìwọ̀nba tí ojú rẹ̀ lè kà: ọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá àtijọ́ tí ènìyàn kò lè fojú rí, tí wọ́n ti jọba lórí ilẹ̀ ayé rí tí wọn yóò sì tún jọba. Ìgbà tí Wilbur ní kí wọ́n yá òun ní ìwé náà lọ sílé, Armitage kọ̀, ó sì ta àwọn ilé ìkàwé yòókù lólobó. Ní òru kan nínú oṣù Kẹjọ 1928, Wilbur já wọ ilé ìkàwé náà, ajá tí ń ṣọ́ ọgbà sì pa á.

Ẹ kíyè sí ohun tí òǹkọ̀wé fi hàn àti ohun tí ó fi pa mọ́. Ọfọ̀ tí Wilbur ń wá, tí gbogbo ìtàn náà dúró lé, òǹkàwé kò rí i. Èyí tí ó rí ni ojú ìwé mìíràn, tí Armitage yọjú wò láti ẹ̀yìn ẹlòmíràn, lédè tí ó ní láti túmọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ bí ó ti ń kà á. Ohun mẹ́ta ni ó wà láàrin òǹkàwé àti ìwé náà: èjìká Wilbur, èdè Látìnì, àti ìbẹ̀rù àgbàlagbà náà. Òǹkọ̀wé tí kò tíì mọ iṣẹ́ ì bá kọ ọfọ̀ náà sílẹ̀ ní ìlà méjìlá, kí ó sì fi àwọn orúkọ tí kò ṣeé pè kún un. Kíákíá ni ẹ̀rù ì bá ti tán. Ohun tí ó mú ìwé náà wúwo ni kíkọ̀ tí olùtọ́jú ìwé kọ̀. Ìwé tí kò ní ẹni tí ń dènà rẹ̀ kò lè jẹ́ ìwé èèwọ̀, bí ó ti wù kí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú tó.

Àwọn òǹkàwé Yorùbá kò ṣàìmọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe, nítorí pé òmíràn tí ó wà lóòótọ́ ti rìn láàrin wọn. Ìwé Kẹfà àti Ìkeje ti Mósè, tí Johann Scheible tẹ̀ ní Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì ní 1849, tí a sì tẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní New York ní 1880, gba ọwọ́ L. W. de Laurence, oníṣòwò ìwé ní Chicago, dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti àwọn erékùṣù Kàríbéánì. Ìjọba Jàmáíkà tilẹ̀ fi òfin de àwọn ìwé ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, a máa ń sọ̀rọ̀ ìwé Mósè yìí ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwọn ilé àdúrà kan lò ó, àwọn kan sì fi í kan ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ lójijì. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò bá èdìdì, àwòrán àti àwọn orúkọ áńgẹ́lì nínú rẹ̀, ohun tí ó lè sú ènìyàn láti kà. Ẹ̀rù rẹ̀ kò sí lọ́kàn àwọn tí ó ti kà á bí ó ti wà lọ́kàn àwọn tí ó gbọ́ pé aládùúgbò ní in nínú àpótí. Lovecraft mọ èyí, ó sì ṣe ìwé tirẹ̀ lọ́nà tí gbogbo ènìyàn yóò fi wà lára àwọn tí ó kàn gbọ́ ni.

Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń dárúkọ Necronomicon, ì bá ti parí sí àṣà òǹkọ̀wé kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ohun mìíràn. Long ni ó kọ́kọ́ sọ, nínú "The Space-Eaters" ní 1928, pé John Dee, awòràwọ̀ tòótọ́ tí ó sin Ọbabìnrin Elizabeth Kìn-ín-ní, túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì. Lovecraft gba àbá náà, ó fi í sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e lé Wilbur lọ́wọ́. Smith dá Ìwé Eibon sílẹ̀, Bloch dá De Vermis Mysteriis sílẹ̀, ó sì ní Ludvig Prinn ni ó kọ ọ́. Howard dá ìwé kan tí von Junzt kọ sílẹ̀, ó fún un ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Lovecraft fún von Junzt ní orúkọ àbísọ. Derleth bá wọn wá Unaussprechlichen Kulten ní èdè Jámánì. Ọwọ́ mẹ́ta ni ó ṣe ìwé kan ṣoṣo yìí, kò sì sí ẹni tí ó kọ ojú ìwé kan nínú rẹ̀ tán.

Ẹ̀mí tí wọ́n fi ń ṣe é dùn mọ́ni. Ní 1935, Bloch fẹ́ pa ẹnì kan tí ó jọ Lovecraft nínú ìtàn rẹ̀, "The Shambler from the Stars", ó sì tọrọ àyè. Lovecraft kọ ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí i ní èdè àwọn agbẹjọ́rò, pé Bloch lè ṣe òun báṣubàṣu bí ó bá ti wù ú, ó sì fi Alhazred, von Junzt àti àwọn mìíràn tí kò gbé ayé rí ṣe ẹlẹ́rìí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi fún Bloch ní èsì nínú "The Haunter of the Dark", níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Milwaukee tí ń jẹ́ Robert Blake ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì ahoro kan ní Providence. Nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà, Blake bá pẹpẹ ìwé kan tí eruku ti bò: Necronomicon lédè Látìnì wà níbẹ̀, Ìwé Eibon ti Smith wà níbẹ̀, ti von Junzt tí ó jẹ́ ti Howard wà níbẹ̀, De Vermis Mysteriis ti Bloch fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ayé ìtàn àjọní jẹ́ kò nílò àlàyé ju pẹpẹ yẹn lọ. Kò sí ìwé kan níbẹ̀ tí ó borí èkejì, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ ẹ̀rí fún àwọn yòókù.

Ọ̀nà kan tún wà tí ẹ̀rí náà gbà pọ̀ sí i, èyí tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Iṣẹ́ tí Lovecraft fi ń jẹun jù ni títún ìtàn ẹlòmíràn kọ, tí orúkọ oníbàárà á wà lórí rẹ̀ nígbà tí ó bá jáde. Zealia Bishop, Hazel Heald àti Adolphe de Castro wà lára wọn. Ó ń ti orúkọ Necronomicon bọ inú ìtàn wọn. Òǹkàwé tí ń ra Weird Tales lóṣooṣù yóò rí orúkọ ìwé kan náà lábẹ́ ọwọ́ Bishop, lábẹ́ ọwọ́ Heald, lábẹ́ ọwọ́ Long, yóò sì rò pé àwọn ènìyàn tí kò mọ ara wọn rí kò lè jọ pa irọ́ kan náà. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé, pé níbo ni a ti lè rà á. Lovecraft kò tàn wọ́n jẹ: ó dáhùn pé òun ni òun dá a sílẹ̀. Ó yẹ kí á yìn ín fún èyí, nítorí pé àyè wà fún un láti pa owó níbẹ̀, òṣì sì ń ta á.

Ní 1936, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní kí ó kúkú kọ ìwé náà, ó fèsì nínú lẹ́tà pé bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́, yóò já gbogbo àwọn tí ìtọ́kasí rẹ̀ ti bà lẹ́rù kulẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ dá a láre. Ní 1973, L. Sprague de Camp gbé Al Azif kan jáde pẹ̀lú lẹ́tà tí a fi orí dá, tí kò ní ìtumọ̀, tí àwọn ojú ìwé kan náà sì ń padà wá; ìyẹn mọ iṣẹ́ díẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè kà á. Ní 1977, ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Simon gbé òmíràn jáde ní New York, tí ó kún fún orúkọ àwọn òrìṣà Súmérì àti Bábílónì, ó sì ní òótọ́ ni. Ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ jáde ní 1980, ó sì wà lórí àtẹ títí di òní. Ní 1978, George Hay kó òmíràn jọ. Ti Simon ni ó burú jù. Ó mú ẹ̀sìn àwọn ènìyàn tí ó ti gbé ayé lóòótọ́, tí wọ́n ní ọlọ́run tí wọ́n ń sìn tọkàntọkàn, ó sì yí i padà di ọjà fún àwọn tí ń wá agbára kiri, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìwọ̀nba ẹ̀rù tí ó wà nínú ojú ìwé 751 tí kò sí.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà mìíràn ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. H. R. Giger, ayàwòrán ará Switzerland, fi orúkọ náà sọ ìwé àwòrán rẹ̀ ní 1977. Ìwé yẹn ni Ridley Scott rí tí ó fi pè é wá ṣiṣẹ́ lórí fíìmù Alien. Àwọn fíìmù Evil Dead ti Sam Raimi náà gba orúkọ náà, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ìwé ti di ohun tí kámẹ́rà ń sún mọ́, tí a fi awọ ènìyàn dì, ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń bani lẹ́rù níbẹ̀ ju ìwé lọ. Èyí tí ó mọ ìwé náà jù nínú gbogbo wọn ni eré orí tábìlì Call of Cthulhu, tí ilé iṣẹ́ Chaosium gbé jáde ní 1981, níbi tí àwọn tí ń ṣeré ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu kó ipa àwọn ènìyàn inú ìtàn. A máa ń ka làákàyè ìkọ̀ọ̀kan ní iye; ẹni tí ó bá ka Necronomicon yóò ní ìmọ̀ sí i, làákàyè rẹ̀ yóò sì dínkù. Eré náà gbé ìwé kalẹ̀ nípa ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó kà á, bí Lovecraft ti ṣe ní 1927.

Ọ̀ràn kan wà tí ẹni tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ yẹ̀ sílẹ̀. Lovecraft kórìíra àwọn ènìyàn dúdú, àwọn Júù àti àwọn àjèjì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi bò, nínú lẹ́tà, nínú ewì àti nínú ìtàn. Ìkórìíra náà wà nínú ìwé èèwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: orí wèrè Lárúbáwá ni ó gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ tẹ̀ lé òfin èdè Lárúbáwá, nítorí pé orúkọ eré ìgbà èwe Lovecraft fúnra rẹ̀ ni, láti ìgbà tí ó ń ka ìtàn Ẹgbẹ̀rún Òru àti Òru Kan. Nnedi Okorafor, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Igbo láti Nàìjíríà, gba Àmì Ẹ̀yẹ World Fantasy ní 2011 fún Who Fears Death, ère orí Lovecraft sì ni àmì ẹ̀yẹ náà nígbà yẹn. Ó kọ̀wé ní gbangba nípa bí ó ti rí lára rẹ̀ láti ní orí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé. Ní 2015 ni wọ́n kéde pé ère náà yóò yí padà, ìpinnu tí ó tọ́ ni. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Victor LaValle, òǹkọ̀wé dúdú ará New York, tẹ The Ballad of Black Tom jáde, nínú èyí tí ó gba "The Horror at Red Hook", ọ̀kan nínú ìtàn Lovecraft tí ìkórìíra rẹ̀ pọ̀ jù, tí ó sì tún un sọ láti ojú ọ̀dọ́mọkùnrin Harlem kan. Ìwé awo kan wà nínú tirẹ̀ náà: ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni wọ́n rán pé kí ó gbé e lọ fún ẹni tí ó ni ín, ó sì gbé e dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti yọ ojú ìwé tí ó kẹ́yìn kúrò. LaValle gba ọgbọ́n ojú ìwé tí kò sí lọ́wọ́ Lovecraft, ó sì fi í lé ọwọ́ ẹni tí Lovecraft ì bá ti fojú ẹ̀gàn wò.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe àjèjì sí ìtàn Yorùbá. Ní 1938, ọdún kan náà tí a tẹ ìtàn ìgbésí ayé Necronomicon jáde, ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde, nínú èyí tí ẹni tí ń sọ̀tàn ní ọdẹ kan ni ó wá bá òun, pé kí òun mú bébà àti gègé kí òun sì máa kọ ohun tí ó ń sọ sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni òun náà fi ṣíwájú ohun àràmàǹdà. Ohun tí ó kù tí àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá lè fi kún un ni ti àjọní, kí òǹkọ̀wé kan ní Ìbàdàn dá ìwé kan sílẹ̀, kí ẹnì kan ní Kútọnu sọ ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, kí ẹlòmíràn ní Bahia sọ ilé tí a ti jó o, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra kí ìwé náà má di ẹ̀gàn fún ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà kan tí ó wà láàyè. Ní ti Necronomicon fúnra rẹ̀, Lovecraft kú ní 1937, àádọ́rin ọdún tí òfin Nàìjíríà fi ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé lẹ́yìn ikú rẹ̀ sì ti kọjá; ẹni tí ó bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nínú ìtàn kò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni, kí ó ṣáà fi ìwé kan tirẹ̀ kún pẹpẹ náà.